Káńsù fẹ́ yí òfin ìlò-ilẹ̀ àdúgbò padà: kí ni ká kà, kí ni ká sọ, ìgbà wo la ó sọ ọ́?

Àdúgbò_Wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ètò ìlú. Káńsù ti gbé ìwé ìfitónilétí jáde pé àwọn fẹ́ yí òfin ìlò-ilẹ̀ ojú ọ̀nà ńlá kan padà, pẹ̀lú òpópónà mélòó kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó jẹ́ ilé alájà 2 nìkan tẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ́ kó gba alájà 6, gíga rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mítà 18 lọ, kí ṣọ́ọ̀bù sì wà nísàlẹ̀. Iléeṣẹ́ ìkọ́lé kan ti ń ra ilé lọ́wọ́ àwọn onílé. Àwọn kan ń sọ pé ilé máa pọ̀ sí i, àwọn kan ń sọ pé wọ́n fẹ́ lé ayálégbé jáde ni. Ìjókòó ìtagbangba ti sún mọ́lé. Ibo ni kí aráàdúgbò ti bẹ̀rẹ̀?

Olùfètò_Ìlú

Ẹ kú làálàá àdúgbò. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òun fara mọ́ ọn tàbí pé òun kò fara mọ́ ọn, ẹ lọ gba ìwé ná. Ẹ gba ọ̀rọ̀ òfin fúnra rẹ̀, ẹ̀dà tó fi ohun tí wọ́n yọ kúrò hàn àti ohun tí wọ́n fi kún un. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà tuntun nìkan ni káńsù gbé jáde, ẹ béèrè èyí tó fi ìyàtọ̀ hàn, torí gbólóhùn kúkúrú tí wọ́n yọ láìpariwo ló máa ń bọ́ mọ́ àdúgbò lọ́wọ́. Ẹ gba máàpù, kẹ́ ẹ sì wò ó pulọ́ọ̀tì sí pulọ́ọ̀tì. Ẹ tún gba ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìfètò-ìlú kọ sí ìgbìmọ̀. Inú ìròyìn yẹn lẹ ó ti rí ìdí tí wọ́n fi ní kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, ohun tí wọ́n wọ̀n, àti ohun tí wọn ò wọ̀n rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí apá tí wọ́n ti ṣàlàyé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn máa ń fò ó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni agbára òfin wà. Mítà 18 láti ibo dé ibo? Ṣé láti orí ilẹ̀ bó ṣe wà kí wọ́n tó kọ́lé, àbí láti orí ilẹ̀ tí wọ́n bá kún lẹ́yìn ìkọ́lé? Ṣé ó parí síbi tí àjà òkè pátápátá parí, àbí síbi ṣónṣó òrùlé? Ṣé yàrá ẹ̀rọ àti táńkì omi orí òrùlé wà nínú rẹ̀? Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè yìí lè fi odindi àjà kan kún ilé tàbí kó yọ ọ́ kúrò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo àbá tiyín yẹn. Àjà ilé gbígbé kan, pẹ̀lú kọnkéré tó wà lórí rẹ̀, máa ń gba nǹkan bíi mítà 3.2. Ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ máa ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká pè é ní 4.2. Ṣọ́ọ̀bù kan àti àjà 4 lókè rẹ̀ jẹ́ mítà 17. Ẹ fi àjà kan sí i, ó di 20.2. Nítorí náà, "alájà 6" àti "mítà 18" kò lè jọ ṣẹ lórí ilé tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀: alájà 5 ni òfin náà fàyè gbà. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò alájà 6 yóò padà wá béèrè ìyọ̀ǹda àrà ọ̀tọ̀ fún mítà méjì lé díẹ̀. Ẹ béèrè ní gbangba nísinsìnyí èwo nínú nọ́ńbà méjèèjì ni káńsù ní lọ́kàn, kí wọ́n sì tún un kọ kó tó di òfin.

Sọ́fíọ̀_Àgbà

Olùfètò ti là á. Mo fẹ́ fi ìṣirò kan tì í lẹ́yìn, kí gbogbo èèyàn lè máa ṣe é fúnra wọn, torí nínú gbogbo nọ́ńbà tí òfin kọ sílẹ̀, ọ̀kan ló máa ń dá ilé dúró ní ti gidi. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ mú pulọ́ọ̀tì mítà 18 sí 36. Ó jẹ́ 648 m². Ká ní òfin sọ pé FAR jẹ́ 1.5. Ohun tí FAR ń sọ ni iye ìgbà tí gbogbo ilẹ̀ àjà ilé, téèyàn bá ro ó pọ̀, fi ju ìwọ̀n pulọ́ọ̀tì lọ. 648 lọ́nà 1.5 jẹ́ 972 m². Òfin tún ní ilé kò gbọ́dọ̀ bo ju ìdajì pulọ́ọ̀tì lọ: 324 m². Tẹ́ ẹ bá pín 972 sí 324, àjà 3 ni. Ó dára lójú ìwé. Àmọ́ ká ní gíga kò gbọ́dọ̀ ju mítà 9 lọ. Àjà 3 ní mítà 3.2 jẹ́ 9.6, kò wọlé. Àjà 2 péré ló ṣeé kọ́, ìyẹn 648 m². Ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí FAR ṣèlérí ti lọ.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ gé 648 m² sí fúláàtì 80 m² kọ̀ọ̀kan, ká ti ka àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn: fúláàtì 8 ni. Ká ní òfin béèrè ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ààbọ̀ fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan: 12 nìyẹn. Ọkọ̀ kan fúnra rẹ̀ ń gba mítà 2.5 sí 5, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ka ojú ọ̀nà tí yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò ti yí po, ó tó 28 m². 12 lọ́nà 28 jẹ́ 336 m². Ilẹ̀ tí ilé kò bò jẹ́ 324 m² péré. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ti pa fúláàtì kan. Bí wọ́n bá kọ́ 7, tí wọ́n ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí 11, ilẹ̀ tó kù fún igi, fún gọ́tà àti fún ọmọdé láti ṣeré jẹ́ 16 m².

Nítorí náà, bí káńsù bá pariwo pé àwọn sọ FAR di 2, tí wọn ò fọwọ́ kan gíga tàbí ìgbọ́kọ̀sí, kò sí ohun tó yí padà lórí pulọ́ọ̀tì yìí. Bákan náà, gbólóhùn kékeré tó bá dín ìgbọ́kọ̀sí kù lè yí àdúgbò padà ju gbogbo àtúnṣe tó kù lọ.

Ọ̀rọ̀ kan lórí wíwọ̀n: àyè tí òfin ní ká fi sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti ojú ààlà inú ìwé sọ́fè ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́. Ògiri tẹ́ ẹ fojú rí lè má wà lórí ààlà. Ẹ tún béèrè bóyá ìlà ìfẹ̀-ọ̀nà wà nínú ètò, torí bó bá wà, ibẹ̀ ni ìwọ̀n iwájú ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú.

Onílé_Ẹ̀yìn

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Àwa tí ilé wa wà lẹ́yìn ọ̀nà ńlá yẹn ńkọ́? Ohun tó kàn wá jù ni òjìji, àti pé wọn yóò máa wo inú àgbàlá wa láti òkè.

Sọ́fíọ̀_Àgbà

Ohun tó ṣeé wọ̀n ni òjìji, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí oòrùn bá wà ní ìwọ̀n 45 sókè, òjìji ilé mítà 18 gùn tó mítà 18. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ sí ìwọ̀n 30, òjìji náà di mítà 31. Ẹ béèrè àwòrán òjìji fún ọjọ́ tí oòrùn rẹlẹ̀ jù lọ́dún, wákàtí sí wákàtí. Iléeṣẹ́ ìkọ́lé máa ń fẹ́ fi ti ọ̀sán gangan hàn, torí ìgbà yẹn ni òjìji kúrú jù. Láti 1976 ni òfin ìkọ́lé Japan ti ń wọ̀n ọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀sán kúrú jù lọ́dún, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó sì ń ka iye wákàtí tí òjìji lè fi bo ilẹ̀ aládùúgbò. Òfin tó bá ní wákàtí nínú ṣeé mú lò. Èyí tó kàn sọ pé "kí ilé má ṣe dí aládùúgbò lọ́wọ́" kò ṣeé mú lò níbì kankan.

Ní ti àgbàlá, ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni kí àwọn àjà òkè sún sẹ́yìn. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà: "láti àjà kẹrin lọ sókè, kí ògiri tó kọjú sí ilé alájà 2 sún sẹ́yìn mítà 6." Irú ọ̀nà yìí ni New York gbà nínú òfin 1916 rẹ̀, tó jẹ́ àkọ́kọ́ tó kárí odindi ìlú ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ilé Equitable tí wọ́n parí ní 1915 ta òjìji bo àwọn òpópónà tó yí i ká. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé gogoro àtijọ́ ibẹ̀ fi ń tín-ín-rín bí wọ́n ṣe ń ga. FAR kò dé inú òfin wọn títí di 1961.

Agbẹjọ́rò_Ilẹ̀

Ẹ̀yin onílé, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí òfin tuntun bá sọ pé ilé alájà 2 kò bá àdúgbò náà mu mọ́, tàbí pé ilé gbígbé lásán kò gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà ńlá, ilé yín di ilé tó ti wà ṣáájú òfin. Kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ wó o. Àmọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìdè mẹ́ta lọ́rùn ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹ ò lè mú un fẹ̀ sí i. Bẹ́ ẹ bá pa ìlò rẹ̀ tì fún àkókò tí òfin dá, tó sábà máa ń jẹ́ oṣù 6 tàbí 12, ẹ̀tọ́ náà kú. Èyí tó le jù ni ti ìkẹta: bí iná tàbí ìjì bá ba ju iye kan lọ jẹ́ lára rẹ̀, ìdajì iye owó ilé ló wọ́pọ̀, ẹ ò lè kọ́ ọ padà bó ṣe wà. Báǹkì àti iléeṣẹ́ ìbánigbófò máa ń ka gbólóhùn yẹn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ojútùú rẹ̀ kò nira. Ẹ ní kí káńsù fi ìlà kan sínú òfin pé ilé gbígbé tó ti wà ṣáájú ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè di àtúnkọ́ ní ìwọ̀n kan náà, ohun yòówù kó bà á jẹ́. Káńsù kì í sábà kọ̀ ọ́, torí kò ná wọn ní nǹkan kan. Kìkì pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ béèrè.

Ẹgbẹ́_Ayálégbé

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ti onílé ni. Ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù ni àtúnkọ́ àdúgbò kọ́kọ́ máa ń gbé kúrò, kò sì sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹ wo West End ní Boston. Ìlú kéde pé àdúgbò náà ti bàjẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wó o ní 1958. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló kó jáde. Ilé olówó ńlá ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn tó kó jáde ló lè padà. Ìlérí ìpadàbọ̀ tí kò sí nínú ìwé kò wúlò fún ayálégbé.

Ohun tó yẹ kó wà lákọsílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àyípadà máàpù nìyí. Kí wọ́n ka iye ilé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀ báyìí àti owó tí wọ́n ń san, kí àkọsílẹ̀ náà wà lọ́wọ́ káńsù, torí lẹ́yìn ìwólé kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́. Kí wọ́n kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n bá wó padà ní iye kan náà, pẹ̀lú iye yàrá kan náà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yàrá ṣeré o: wọ́n lè wó ilé oníyàrá mẹ́ta 10, kí wọ́n fi ilé oníyàrá kan 10 rọ́pò rẹ̀, iye ilé á pé, ìdílé ọlọ́mọ kò sì ní ríbi wọ̀. Kí ẹ̀tọ́ ìpadàbọ̀ ní orúkọ ẹni, owó ilé àti ọjọ́ nínú. Kí owó ìkẹ́rù àti ìyàtọ̀ owó ilé wà fún gbogbo àkókò ìkọ́lé. Kí gbogbo èyí sì jẹ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú ṣẹ kí ìwé àṣẹ ìwólé tó jáde. Bẹ́ ẹ bá so ó mọ́ ìgbà tí ilé tuntun bá parí, agbára yín ti tán.

Akọ́lé_Kékeré

Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹgbẹ́ ayálégbé sọ, òótọ́ ni. Àmọ́ ìlú tí kò bá jẹ́ kí wọ́n kọ́lé kún ilé náà ń lé ayálégbé, ó kàn ń lé wọn díẹ̀díẹ̀ ni, nípasẹ̀ owó ilé. Auckland ní New Zealand bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun ní 2016, ó sì fún nǹkan bí ìdá 3 nínú 4 ilẹ̀ ilé gbígbé rẹ̀ láyè láti gba ilé púpọ̀ sí i. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé pọ̀ gidigidi láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, pàápàá ilé tó fara kanra lórí pulọ́ọ̀tì kan.

Bí wọ́n ṣe kọ òfin náà ló ń pinnu bóyá ilé máa jáde. Ní Minneapolis, ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí i ní December 2018 pé ilé mẹ́ta lè wà lórí pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ti ilé kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀. Ilé mẹ́ta-mẹ́ta tó jáde kò pọ̀, torí ààyè tí ilé náà lè gbà kò fẹ̀ tó. Inú ilé ńláńlá ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ èrò ń gbà ni ọ̀pọ̀ ilé tuntun wọn ti wá. Portland ní Oregon gba ọ̀nà míì nínú àtúnṣe 2020: bí iye ilé inú pulọ́ọ̀tì bá ṣe ń pọ̀ ni FAR ṣe ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ńlá kan fún ìdílé kan rí i pé àyè òun kéré, ẹni tó fẹ́ kọ́ mẹ́ta rí àyè. Ẹ bá káńsù yín sọ̀rọ̀ nípa irú èyí fún àwọn òpópónà ẹ̀yìn.

Ẹ tún wo ìgbọ́kọ̀sí. Ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà mú iye ìgbọ́kọ̀sí tí òfin sọ di dandan kúrò káàkiri ìlú ní 2017. Àwọn akọ́lé ṣì ń ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, àmọ́ iye tí àwọn tó ń ra ilé fẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ẹgbẹ́_Ayálégbé

Ẹ ṣé, àbúrò. A ò lòdì sí ilé tuntun. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kẹ́ ẹ ṣọ́ ibi tí wọ́n bá fi ààlà ìlànà ilé olówó pọ́ọ́kú sí. Portland yẹn náà, láti 2017, ni ó ti sọ pé ilé tó bá ní fúláàtì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí owó wọn kò tó. Ilé onífúláàtì 19 wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Bẹ́ ẹ bá máa fi nọ́ńbà sí i, ẹ jẹ́ kí ojúṣe máa gòkè ní ìpele-ìpele: kí ilé onífúláàtì 8 san nǹkan kékeré, kí ti 15 ya ọ̀kan sọ́tọ̀, kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Bí ààlà bá dà bí ògiri kan ṣoṣo, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń dúró sí.

Olùfètò_Ìlú

Ẹ̀yin méjèèjì jàre, mo sì fẹ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti pàdé. Bí káńsù bá fún ojú ọ̀nà kan ṣoṣo láyè láti ga, tí gbogbo ìlú tó kù wà bó ṣe wà, owó ilẹ̀ ojú ọ̀nà yẹn á fò sókè kí bíríkì kan tó délẹ̀. Onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló jẹ èrè rẹ̀, gbogbo ìdààmú ìwólé sì wọ́ jọ síbi kan. Ní Chicago, ìwádìí lórí ilẹ̀ tí wọ́n fún láyè bẹ́ẹ̀ nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní 2013 àti 2015 rí i pé owó ilẹ̀ lọ sókè, ìkọ́lé kò sì tíì pọ̀ sí i láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́. Bí àyè bá kárí ìlú, bíi ti Auckland, akọ́lé ní ibi púpọ̀ tó lè yàn, onílẹ̀ kankan kò sì lè dá iye lé e bó ṣe wù ú. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè tó lágbára jù tẹ́ ẹ lè gbé lọ síwájú káńsù ni: kí ló dé tó fi jẹ́ òpópónà yìí nìkan? Àdúgbò tí owó wà, tó sún mọ́ ọkọ̀ èrò bákan náà, kí ló dé tí wọn ò fi sí lórí máàpù? Ẹ mú máàpù yẹn dání lọ síbi ìjókòó.

Ẹnjinníà_Omi

Mo rí i pé kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ omi. Ẹ ṣe ìṣirò yìí. Pulọ́ọ̀tì 648 m² tí ilé àti kọnkéré bo 300 m² rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá di 550 m², ó ti fi 250 m² kún ibi tí omi kò lè wọlẹ̀ mọ́. Òjò mílímítà 50 lórí ìyẹn jẹ́ lítà 12,500 tó máa bọ́ sójú gọ́tà láti pulọ́ọ̀tì kan. Pulọ́ọ̀tì 20, lítà 250,000. Gọ́tà yẹn kò fẹ̀ sí i. Ilé tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀gbun ló máa gbà á.

Ẹ béèrè fún ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka omi àti ẹ̀ka ìdọ̀tí tó sọ agbára ọ̀pá tó wà nílẹ̀, iye tí wọ́n ń lò báyìí, àti iye tí ilé bá pọ̀ dé ibi tí òfin tuntun gbà yóò fi kún un. Ẹ wo ó dáadáa: ọ̀pọ̀ ìròyìn máa ń ṣírò ilé kan tí iléeṣẹ́ kan fẹ́ kọ́, wọn kì í ṣírò gbogbo ohun tí òfin fàyè gbà. Kẹ́ ẹ ní kí òfin béèrè pé kí pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan tọ́jú omi òjò tirẹ̀, nínú táńkì tàbí nínú ilẹ̀ tó lè fa omi, kó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àdúgbò_Wa

Olúwa á bù kún ìmọ̀ yín. Ó ku ti ìjókòó fúnra rẹ̀. Àwọn aráàdúgbò fẹ́ lọ pariwo ni.

Agbẹjọ́rò_Ilẹ̀

Ariwo kì í wọ inú àkọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lákọsílẹ̀ ni ilé ẹjọ́ máa kà bí ọ̀rọ̀ bá débẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi sì rèé, ohun tẹ́nikẹ́ni kò bá sọ níbi ìjókòó, wọn kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e dìde lẹ́yìn náà. Ẹ kọ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé, ẹ gba òǹtẹ̀ pé ó dé. Ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 ni wọ́n sábà máa ń fún ẹnì kan láti sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ pín iṣẹ́: ẹnì kan lórí gíga, ẹnì kan lórí ayálégbé, ẹnì kan lórí omi. Kí ẹni mẹ́wàá má ṣe sọ ohun kan náà.

Ẹ wá ojú ìwé tí òfin ti to àwọn ohun tí ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ gbé yẹ̀ wò sí: bóyá àyípadà náà bá ètò ìlú gbogbo gbòò mu, bóyá ojú ọ̀nà, omi àti iléèwé lè gbé e. Orí ìyẹn ni kẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ yín kà. Àpẹẹrẹ rèé, kẹ́ ẹ fi tiyín sí ibi tó ṣófo:

"Mo ń gbé ní òpópónà …, pulọ́ọ̀tì mi sì bá ibi tí àbá nọ́ńbà … kàn pààlà. Mo fara mọ́ ilé púpọ̀ sí i lójú ọ̀nà ńlá. Mo ń béèrè àtúnṣe méjì. Ní abala …, kí àwọn àjà láti ìkẹrin lọ sókè sún sẹ́yìn mítà 6 níbi tí wọ́n bá ti kọjú sí ilé alájà 2, torí àwòrán òjìji tó wà lójú ewé … ìròyìn yín kò fi aago mẹ́jọ àárọ̀ hàn rárá. Ní abala …, kí ìwé àṣẹ ìwólé má ṣe jáde títí àkọsílẹ̀ àwọn ayálégbé á fi pé. Mo fi ọ̀rọ̀ tí mo dábàá mọ́ ìwé yìí."

Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ òfin tó ti kọ délẹ̀ wá, òun ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pè lẹ́yìn ìjókòó.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má sọ: irú èèyàn tó ń bọ̀ wá gbé. Kò tọ́, kò sì ní ṣe yín láǹfààní kankan. Louisville ní Kentucky fi òfin ìlò-ilẹ̀ sọ òpópónà tí aláwọ̀ dúdú lè gbé àti èyí tí aláwọ̀ funfun lè gbé, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì fagi lé e ní 1917. Àwọn ìlú kan wá fi ìwọ̀n pulọ́ọ̀tì ńlá àti "ilé kan ṣoṣo" ṣe ohun tó jọ ọ́. Ẹ sọ̀rọ̀ lórí ilé, lórí omi, lórí owó ilé.

Ìwé ẹ̀hónú tún wà. Òfin àwòkọ́ṣe tí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde láàárín 1920 sí 1929, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn mú lò, sọ pé bí àwọn tó ni ìdá 20 nínú 100 ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn tàbí tó múlé tì í bá fọwọ́ sí ẹ̀hónú, àyípadà náà kò lè kọjá àyàfi pẹ̀lú ìbò ìdá 3 nínú 4 ìgbìmọ̀. Ẹ wò ó bóyá irú rẹ̀ wà nínú òfin ìlú yín àti bóyá nọ́ńbà náà ti yí padà. Ibi tó máa ń bàjẹ́ sí ni ìbuwọ́lùwé: bí ìwé ilẹ̀ bá ní orúkọ ẹni méjì, ẹni méjèèjì ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Ọwọ́ ayálégbé kì í wọ ìṣirò yẹn, kódà bó bá ti gbé ibẹ̀ pẹ́. Ó dùn mí, ìdí sì nìyẹn tí ìwé ti ẹgbẹ́ ayálégbé fi gbọ́dọ̀ dá dúró lọ́tọ̀.

Onílé_Ẹ̀yìn

Iléeṣẹ́ ìkọ́lé yẹn ti ń sọ pé àwọn máa ṣe pápá ìṣeré fún wa, pé ká má tako àwọn. Ṣé kí a gbà? Àwọn kan tún ń sọ pé ìjọba lè gba ilẹ̀ ẹni tí kò bá tà.

Agbẹjọ́rò_Ilẹ̀

Ìlérí ẹnu kì í bá ilẹ̀ lọ. Iléeṣẹ́ náà lè ta pulọ́ọ̀tì lọ́la, ẹni tó rà á kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Bí àdéhùn bá máa wà, kó jẹ́ èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sórí ilẹ̀ náà, kí ẹgbẹ́ tó ní ìforúkọsílẹ̀ buwọ́ lù ú fún àdúgbò, kí ó ní ọjọ́, ìwọ̀n pápá ní m², ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá ṣe é. Kí wọ́n sì buwọ́ lù ú kí ìgbìmọ̀ tó dìbò. Kí káńsù fúnra rẹ̀ mọ ìwọ̀n: nínú ẹjọ́ Dolan àti ìlú Tigard ní 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ohun tí ìlú bá gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní àṣẹ gbọ́dọ̀ bá ìpalára tí ilé rẹ̀ máa fà mu ní ìwọ̀n, bí kò tilẹ̀ dọ́gba gẹ́lẹ́. Ẹ so ohun tẹ́ ẹ ń béèrè mọ́ ìpalára tó ṣeé wọ̀n, kó má bàa wó lulẹ̀ ní kóòtù.

Ní ti gbígba ilẹ̀: àyípadà òfin ìlò-ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbésẹ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó ní ìwé tirẹ̀ àti owó gbà-máà-bínú tirẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ bí káńsù bá kéde nínú ìwé kan náà pé àdúgbò "ti bàjẹ́", torí ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń ṣílẹ̀kùn. Ní New London, Connecticut, ìlú gba ilé àwọn aráàdúgbò fún àtúnkọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dá a láre ní 2005 pẹ̀lú ìbò 5 sí 4. Iléeṣẹ́ ńlá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é kéde ní 2009 pé òun ń kúrò ní ìlú náà, ilẹ̀ tí wọ́n wó ilé orí rẹ̀ sì wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yí òfin wọn padà nítorí ẹjọ́ yẹn. Ẹ bi káńsù, kẹ́ ẹ sì gba èsì lákọsílẹ̀: ṣé agbára gbígba ilẹ̀ wà nínú ètò yìí, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Olùfètò_Ìlú

Ìkan tó kù: àárín ìjókòó àti ìbò. Àwọn ìgbìmọ̀ máa ń tún ọ̀rọ̀ òfin kọ lórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ ìbò. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó títí wọ́n á fi parí, kó kọ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kà á, kẹ́ ẹ sì fi wé ẹ̀dà tí wọ́n bá tẹ̀ jáde. Bí àtúnṣe náà bá tóbi tó fi yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fi tó aráàlú létí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti ṣe ìfitónilétí tuntun.

Ẹ tún béèrè nípa àwọn ìwé ìkọ́lé tó ti wọlé ṣáájú ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ibi púpọ̀, ẹni tó ti fi ìwé tó pé sílẹ̀ lábẹ́ òfin àtijọ́ máa kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kódà bí òfin tuntun bá dé lọ́jọ́ kejì. Ẹ gba àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé tó ti wà nílẹ̀ fún òpópónà wọ̀nyẹn láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìfètò-ìlú, kẹ́ ẹ sàmì sí wọn lórí máàpù. Àkókò láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìbò máa ń kúrú, nígbà míì kì í ju ọjọ́ 30 lọ, láti ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lu òfin tàbí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ bi akọ̀wé káńsù léèrè èwo ni nínú méjèèjì, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó dìbò.